Ilé Lọmọ Ọwá Ti Í Múná Roko: Bí Ọmọ Iléṣà Ṣe Lè Di Lọ́yà Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ìlú

Ní Iléṣà, tí ọmọdé bá ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ díẹ̀ níwájú àwọn àgbà, kíá ni wọ́n á ti ní, "Lọ́yà lèyí máa ṣe." Wọn kì í sọ ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀ fún un, wọn kì í sì í sọ ohun tó máa fi iṣẹ́ náà ṣe tó bá débẹ̀ tán. Ọmọ tó fẹ́ ka òfin torí kó lè ṣiṣẹ́ ìlú ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí, ìyẹn ẹni tó fẹ́ di agbẹjọ́rò ìjọba, májísíréètì, agbẹjọ́rò àwọn tí ò lówó, tàbí aṣòfin. Ẹni tó jẹ́ pé owó ńlá nìkan ló ń wá, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀, mi ò sì bá a jà.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlú kò gbọdọ̀ sá kúrò nílé kíákíá. Àwọn kóòtù kéékèèké tó wà nílé ló máa kọ́ ọ ní ohun tí wọn ò kọ sínú ìwé.

Kì í ṣe ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ò tẹ̀ rí. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, ìdílé Ìjẹ̀ṣà ló ti ṣẹ̀ wá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí. Ọdún 1879 ló gbàwé ẹ̀rí lọ́yà ní London, ó sì padà jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, ló gbọ́ ẹjọ́ Wọlé Ṣóyínká ní 1965 lórí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn. Ó dá a sílẹ̀, kò wojú ìjọba, ó sì gòkè dé kóòtù tó ga jù lọ. Bọ́lá Ìgè, ọmọ Èsà-Òkè, ṣe gómìnà, mínísítà ètò ìdájọ́ ló sì wà nígbà tí wọ́n pa á nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ọdún 2001. Mo dárúkọ èyí tó kẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ ìlú ò léwu.

Ìgbésẹ̀ 1: Mú iṣẹ́ tó yẹ láti SS1

Ọ̀dọ̀ àwọn Art ni kó o wà. Lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọsẹ̀. Láìsí kírẹ́díìtì nínú rẹ̀ àti nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ òfin ti parí nìyẹn. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, àwọn yunifásítì kan sì ń béèrè Ìṣirò pẹ̀lú, nítorí náà má ṣe fi Ìṣirò ṣeré torí pé o ò fẹ́ràn rẹ̀. Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ ni wàá ṣe, pẹ̀lú méjì nínú irú Gọ́fánmẹ́ǹtì, Ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn.

Ìṣòro ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba lọ́dọ̀ wa ni pé ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ Lítíréṣọ̀ má sí rárá. Má dúró de kí ìjọba rán ẹnì kan wá. Wá àgùnbánirọ̀ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ yín tàbí èyí tó sún mọ́ ọn, kó bá yín ka àwọn ìwé tí WAEC yàn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dáwó ra ẹ̀dà kan ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, iye tí ẹ máa ná síbi "special centre" yẹn, ẹ fi ra ìwé. Ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀rí pé ìwà rẹ̀ mọ́ kó tó lè di lọ́yà, ẹ má fi ọwọ́ ara yín tì í sínú màgòmágó láti ilé ẹ̀kọ́ gírámà.

Ìgbésẹ̀ 2: Yan yunifásítì pẹ̀lú ojú owó

Láti Iléṣà, ẹni tó fẹ́ ka òfin kò ní láti rìn jìnnà. Láti 1962 ni wọ́n ti ń kọ́ òfin ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ University of Ife. Ọdún 1987 ló di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ń kọ́ òfin ní ẹ̀ka tiwọn ní Ifẹ̀tẹ̀dó. Ọdún márùn-ún ni fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé, mẹ́rin fún ẹni tó bá gba Direct Entry, ìyẹn ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí tó ju ti ilé ẹ̀kọ́ gírámà lọ. Àǹfààní kan wà nínú kíka ìwé nítòsí ilé tí àwọn èèyàn kì í kà sí: o lè fi ọjọ́ ìsinmi jókòó sí kóòtù ìlú rẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa sọ láìpẹ́.

Tó bá jẹ́ yunifásítì àdáni ni, kọ́kọ́ wádìí bóyá àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, Council of Legal Education, ti fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin wọn. Ẹni tó bá jáde níbi tí wọn ò fọwọ́ sí, Law School, ilé ẹ̀kọ́ tí a ń lọ lẹ́yìn yunifásítì ká tó lè di lọ́yà, ò ní gbà á. Béèrè pẹ̀lú iye ọmọ tí wọ́n fún wọn láyè láti mú lọ sí Law School lọ́dọọdún. Ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ ju iye yẹn lọ, àwọn kan á jókòó sílé de àyè.

Ní ti owó, ẹ̀yáwó NELFUND ti ìjọba àpapọ̀ wà fún àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, kò sì ní èlé. Yunifásítì ni wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún tààrà. Kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín pẹ̀lú. Kì í ṣe bárà. Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, àṣà kí ìlú pawọ́ pọ̀ rán ọmọ níwèé ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Fi èsì ìdánwò rẹ mọ́ lẹ́tà náà, kó o sì sọ iye pàtó tó o nílò. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́" lásán kì í mú owó jáde lápò ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Jókòó sí kóòtù kó o tó di lọ́yà

Gbangba ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa lé ọ. Wọ aṣọ tó bójú mu, pa fóònù, tẹríba díẹ̀ fún adájọ́ bó o ti ń wọlé, kó o sì jókòó sẹ́yìn. Àga iwájú, ti àwọn lọ́yà ni. Mú ìwé kan dání.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti High Court níbi tí wígì pọ̀ sí. Kóòtù májísíréètì àti kóòtù ìbílẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ni wàá ti rí ìlú. Ọmọkùnrin kan wà nínú àpótí torí fóònù tó sọnù. Ìyàwó kan fẹ́ kọ ọkọ. Tẹ́gbọ́n tàbúrò ń jà sí oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan: kí ni wọ́n fi kàn án, kí ló dé tí wọ́n fi sún un síwájú, ta ni kò wá lónìí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé yẹn á fi hàn ọ́ pé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í dúró torí òfin tó ta kókó. Ọlọ́pàá tó mú un ni wọ́n ti gbé lọ síbòmíì, tàbí ẹlẹ́rìí ò rówó mọ́tò, tàbí fáìlì ṣì wà lọ́nà láàárín àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Òṣogbo. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó wọ iṣẹ́ ìjọba ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta.

Wo akọ̀wé kóòtù tó ń túmọ̀ dáadáa pẹ̀lú. Ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti rí ìyá arúgbó tó ń dáhùn ní ìjìnlẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, tí ohun tó wọ inú ìwé adájọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ. Lọ́yà tó gbọ́ èdè ìyá náà dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ìyá náà ń sọ ni pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi igi pẹ̀rẹ́gún pààlà ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an ni kókó ẹjọ́ náà wà.

Ìgbésẹ̀ 4: Law School

Mi ò ní pẹ́ níbí. Iṣẹ́ márùn-ún ni wàá ṣe níbẹ̀: ẹjọ́ owó òun dúkìá, ẹjọ́ ọ̀daràn, iṣẹ́ ilẹ̀ àti ilé, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ òun kọ́ńpìnnì, àti ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́. Àsìkò kan wà tí wọ́n á rán ọ lọ sí kóòtù àti ṣáńbà, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn lọ́yà, láti fojú rí iṣẹ́. Oúnjẹ alẹ́ mẹ́ta wà tí o gbọ́dọ̀ bá wọn jẹ kí wọ́n tó lè pè ọ́ sí Bar, ìyẹn kí wọ́n tó gbà ọ́ sáàárín àwọn lọ́yà; ọ̀ranyàn ni, kì í ṣe àríyá. Ohun tó ń dun àwọn òbí níbẹ̀ ni pé owó rẹ̀ kì í rọra wá bíi ti yunifásítì. Owó ilé ẹ̀kọ́, súùtù dúdú, ẹ̀wù funfun, wígì àti gáùn, láàárín ọdún kan náà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá èésú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọdún kejì ní yunifásítì.

Lẹ́yìn Call to Bar, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ á kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn lọ́yà. Láti ìgbà náà lọ, san owó iṣẹ́ lọ́dọọdún kí oṣù Kẹta tó parí, kó o sì gba òǹtẹ̀ rẹ lọ́dọ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà. Ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀, kóòtù lè kọ̀ ọ́, oníbàárà rẹ nìyà máa jẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọdún àgùnbánirọ̀

Ibi yòówù tí wọ́n bá rán ọ lọ, béèrè fún Legal Aid Council tàbí ẹgbẹ́ Legal Aid ti àwọn àgùnbánirọ̀. Ọdún 1976 ni ìjọba dá àjọ náà sílẹ̀ láti máa gbèjà ẹni tí kò lówó lọ́yà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n á máa mú ọ lọ, wàá sì bá àwọn tó ti wà ní àhámọ́ fún ìgbà pípẹ́ tí ẹjọ́ wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kọ orúkọ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Má ṣèlérí. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kì í gbàgbé ìlérí.

Ìgbésẹ̀ 6: Padà sílé, kó o sì mọ bó o ṣe máa gbé pẹ̀lú àwọn ará ilé

Ibí ni iṣẹ́ wà. Wọ ṣáńbà lọ́yà àgbà kan ní Iléṣà tàbí Ifẹ̀. Owó oṣù á kéré, mi ò ní parọ́ fún ọ. Àmọ́ láàárín ọdún méjì, wàá ti dúró níwájú adájọ́ ju ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Èkó lọ, tó ń gbé báàgì ọ̀gá rẹ̀ káàkiri.

Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi kan ilẹ̀kùn. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń wá. Àǹtí kan láti Ìsọ̀kùn kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó dàgbà ju ìyá rẹ lọ: "Lọ́yà, ọkọ mi, ẹ gbà wá. Wọ́n ti mú Táyé." Kọ́kọ́ gbé wọn dìde, fún wọn lómi. Lẹ́yìn náà bi wọ́n léèrè: àgọ́ ọlọ́pàá wo, aago mélòó ni wọ́n mú un, ta ló fẹjọ́ sùn. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìgbà tí Táyé wà lọ́mọdé, rọra dá wọn padà sórí aago. Ìwé òfin sọ pé níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé èèyàn dé iwájú adájọ́. Kóòtù wà nílé wa ní Iléṣà, nítorí náà kò sí àwíjàre ọ̀nà jíjìn.

Bó o bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọn dáadáa, sọ ẹni tó o jẹ́, béèrè láti rí ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Sọ ọ́ fún àǹtí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó má baà ti di owó mọ́ etí aṣọ kó o tó yíjú padà. Onídùúró ni wọ́n nílò, obìnrin sì lè ṣe é. ACJA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má torí pé èèyàn jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ti ṣe irú òfin náà. Bí Táyé bá ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, béèrè bóyá Yorùbá tó sọ ni wọ́n kọ àbí Gẹ̀ẹ́sì tí ẹlòmíì túmọ̀ tí òun kàn tẹ ìka sí. Ìbéèrè yẹn máa wúlò ní kóòtù.

Má gba Táyé gbọ́ torí pé ọmọ àǹtí ni. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ti owó iṣẹ́ rẹ, yà á sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lo máa ṣe é, sọ pé ọ̀fẹ́ ni, kó o sì ṣe é dópin. Bó bá jẹ́ owó ni, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kó o fún wọn ní rìsíìtì. "Ohun tẹ́ ẹ bá ní náà ni" ló máa ń ba ẹbí jẹ́.

Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ogún, má sáré gbé e lọ sí kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mú wọn lọ sọ́dọ̀ baálé tàbí Lọ́jà abúlé, jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀, kí ìwọ wá kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Àmọ́ ọ̀daràn kì í ṣe ẹjọ́ ìlàjà. Bí ẹnì kan bá fipá bá ọmọdé lò, tí wọ́n wá ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé," ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ pé rárá, àní bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló ń bẹ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wàá bá pàdé lágbègbè wa ni góòlù. Ní ìhà Àtàkúnmọ́sà, àgbẹ̀ lè jí lọ sóko, kó bá kòtò níbi tí kòkó rẹ̀ wà, kí omi odò sì ti di ẹrẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ á na ìwé kan jáde pé olóyè kan tàbí ìjọba ìbílẹ̀ fún òun láyè. Ìwé yẹn kò tó. Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ohun àlùmọ́ọ́nì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, Mining Cadastre Office ló sì ń fúnni níwèé àṣẹ. Béèrè fún èyí. Béèrè pẹ̀lú fún àdéhùn ìdàgbàsókè tí òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí oníwèé àṣẹ bá àwọn ará àdúgbò ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ya fọ́tò kòtò náà, ka igi kòkó tó bàjẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí, kó o tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Lọ́yà ọ̀dọ́ tó bá fi sùúrù ṣe irú iṣẹ́ yìí fún abúlé kan, kò nílò kó lẹ pósítà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 7: Mọ ẹnu ọ̀nà tó o fẹ́ gbà wọlé

Bó o bá fẹ́ máa dúró fún ìjọba ní kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba ni. Àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbà wọ́n síṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Àwọn ló ń ka fáìlì tí ọlọ́pàá bá fi ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ àbí kò sí. Iṣẹ́ ìgbàlà ni bí wọ́n bá ṣe é kíá, torí pé ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n tó ń dúró de ìwé yẹn. Bó o bá fẹ́ jókòó dájọ́, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ló ń yan májísíréètì. Adájọ́ High Court ní láti ti di lọ́yà fún ọdún 10, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ náà ni kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́. Legal Aid Council àti àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà ń gba lọ́yà síṣẹ́.

Èwo ló dára jù? Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí ẹni tó ṣì kéré bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, torí ibẹ̀ ló ti máa rí ìhà méjèèjì: ohun tí ọlọ́pàá kọ, àti ohun tí kóòtù gbà.

Ìgbésẹ̀ 8: Kọ̀wé, kó o sì tẹ̀ lé e

Ṣètò ìwé rẹ sínú fáìlì kan: ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gírámà, digíríì, ti Law School, Call to Bar, àgùnbánirọ̀, ìwé ọjọ́ ìbí, àti ìwé ọmọ ìlú láti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ. Kí orúkọ rẹ bá ara mu lórí gbogbo wọn. Bí "Adéọlá" bá wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì, lọ ṣe ìwé ìbúra kí wọ́n tó bi ọ́. Nígbà tó o bá fi ìwé sílẹ̀ ní Abẹ́rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ. Lẹ́yìn náà, ṣe é bí òṣómàáló: máa padà lọ béèrè, kó o kí gbogbo wọn, kó o jókòó, má sì bínú. Wọ́n lè sọ fún ọ pé kó o wá "èèyàn." Bó o bá ní ẹni gidi tó mọ iṣẹ́ rẹ, jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ. Owó fún ẹni tó ní òun á bá ọ ṣe é, má san án. Ọjọ́ tó o bá san án lo ti di ẹrú ẹni náà.

Ìgbésẹ̀ 9: Ohun tó yí padà ọjọ́ tó o bá wọlé

O kò lè gba ẹjọ́ àdáni mọ́. Àwọn ará ilé kì í tètè gba èyí, nítorí náà sọ fún wọn ṣáájú, kó o sì fi orúkọ lọ́yà méjì tó o fọkàn tán ṣọwọ́ sí wọn. Òfin ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá máa ṣe òwò tàbí iṣẹ́ àdáni, àyàfi iṣẹ́ oko. Bẹ́ẹ̀ ni, oko. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi kòkó sílẹ̀ fún kò ní ìdí láti jẹ́ kí igbó bò ó.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Òfin gba ọ́ láyè láti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìbátan àti ọ̀rẹ́, níwọ̀n bí àṣà ṣe mọ̀ ọ́n àti lásìkò tí àṣà mọ̀. Iṣu tí àbúrò ìyá rẹ gbé wá lásìkò iṣu tuntun kò burú. Iṣu tí ẹni tí fáìlì ọmọ rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ gbé wá, dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, níwájú ẹlòmíì. Má jẹ́ kí ìyàwó tàbí ìyá rẹ bá ọ gbà á sílé.

Kọ dúkìá rẹ sílẹ̀ fún Code of Conduct Bureau, àjọ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, láìfi ọ̀kan pamọ́, títí kan ilẹ̀ ogún. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílé, torí pé wàá tún kọ òmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ohun tó o kọ nígbà náà sì gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ìgbésẹ̀ 10: Bó bá jẹ́ òṣèlú ló wù ọ́

Láti 2018, ẹni ọdún 25 lè díje sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Ìpàdé wọ́ọ̀dù ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé ọ̀gá òṣèlú. Máa lọ déédéé, máa san owó ẹgbẹ́, bá wọn ka ìwé òfin ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jà lórí rẹ̀. Lọ́yà kì í pọ̀ ní ìpàdé wọ́ọ̀dù.

Àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìdìbò ló ń ti ibẹ̀ wá. Má fẹnu sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ. Kọ lẹ́tà, fi déètì sí i, fi lé wọn lọ́wọ́ fúnra rẹ, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tìrẹ pé àwọn ti gbà á, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n gbà á. Ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan sílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ lọ́yà rẹ, ọ̀kan sọ́fíìsì ẹgbẹ́.